Bíríkì Kẹtàlá àti Ojú Bàbá Yasoji

Oṣù Kejì, ọjọ́ 8, ọdún kejìlélógójì ọba Meiji ti Japan (1909)

Owó ẹyọ sen mẹ́ta ni Teru ìyàwó mi ra ìwé yìí. Ó ní ariwo mi ti pọ̀ jù fún yàrá kan ṣoṣo, kí n máa lọ sọ ìyókù fún ìwé. Òun náà ló kọ́ mi ní lẹ́tà, torí náà tí lẹ́tà mi bá wọ́, ẹjọ́ ẹ̀ ni.

Òjò oníyìnyín látàárọ̀. Tófù, wàrà ẹ̀wà sóyà tá a fi ń jẹun, ti wọ́n sí i, ó sì tún kéré sí i. A ṣì wà nísàlẹ̀ iléru kejì tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ máa yọ́ irin nínú ẹ̀. Bàbá Yasoji, bàbá Teru, ni olórí àwa bíríkìlà. Lónìí ó tún ń fi ahọ́n lá bíríkì bíi ti àtẹ̀yìnwá. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn láhọ́n jù, kò jiná, ká gbé e jù sẹ́yìn. Gonroku, bíríkìlà ẹgbẹ́ kejì, fẹ́ fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà gbé bíríkì kan, ó lá a, ó ń pariwo pé, "Ó ti jiná o! Wọ́n tiẹ̀ fiyọ̀ sí i!" Kò mọ̀ pé ibi tó ti mú un ni ajá ilé ìdáná máa ń tọ̀ sí láràárọ̀. A ò sọ fún un. A ń dúró kó lá èkejì.

Ọjọ́ 11

Mo tẹ̀ lé Bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ẹyin ojú ẹ̀ ti dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Dókítà ní kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ bó, ó ti wọnú lọ. Ó ní ohunkóhun tó bá wu Bàbá láti wò, kó tètè wò ó, pé tó bá fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, á kàn máa mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́ ni.

Lójú ọ̀nà, mi ò mọ ohun tí èèyàn ń sọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ra ọ̀dùnkún sísun."

Ó ní, "Ọjọ́ wo ni wọ́n ní wọ́n máa dáná sí iléru?"

"Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin."

Ó fi ìka kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Ó ṣì kù díẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ra ọ̀dùnkún."

Iléru méjì ni bàbá yìí ti mọ níbòmíì. Àkọ́kọ́, ilé-iṣẹ́ náà kú kí wọ́n tó dáná sí i. Èkejì, àárọ̀ ọjọ́ tí irin máa jáde gan-an ló já bọ́ látorí àkàbà, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti gbọ́ igbe ayọ̀. Iléru kìn-ín-ní tó wà níbí, ojoojúmọ́ nirin ń jáde níbẹ̀, kò yà síbẹ̀ rí. Ó ní ẹlòmíì ló mọ ìyẹn, òun kì í lọ kí ọmọ ọlọ́mọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń mọlé fún iná, kò tíì fojú rí irin kó ṣàn jáde nínú èyí tí ọwọ́ ẹ̀ mọ.

Ọjọ́ 18

Lónìí mo ṣe bí ọ̀gá.

A dé ìpele tí bíríkì ẹ̀ wá látọ̀dọ̀ àwọn Jámánì, tí wọ́n fi koríko wé bí ẹyin. Méjìdínláàádọ́ta ni, oníkálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tiẹ̀. Nọ́ńbà kìíní máa jókòó sókè ojú ihò irin. Nọ́ńbà kẹtàlá ló ní ihò tí ìdàrọ́, ìdọ̀tí tó ń yọ́ kúrò lára irin, máa gbà jáde. Mo gbé ìkíní kalẹ̀. Mo gbé èkejì, mo tò ó sápá òsì ẹ̀, bí gbogbo èèyàn nílẹ̀ wa ṣe ń ka nǹkan, láti ọ̀tún bọ̀ sí òsì.

Bàbá ní, "Dúró ná. Òyìnbó ló kọ nọ́ńbà yìí. Òsì làwọn ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé tiwọn. Ọ̀tún ló yẹ kí èkejì lọ fún àwa tá a wà nínú, kí ihò kẹtàlá lè bọ́ sápá òsì ẹni tó bá wà níta. Jẹ́ kí Ẹnjiníà Hatakeda dé lọ́jọ́ Ajé, àwòrán wà lọ́wọ́ ẹ̀, ká bi í."

Ọjọ́ Ajé! Gonroku àtàwọn tiẹ̀ ń mọ ilé atẹ́gùn gbígbóná tí wọ́n máa fẹ́ sínú iléru, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ parí iye ìpele oṣù yìí ló ni àgbá ọtí ìrẹsì kan. Tí mo bá fọwọ́ lẹ́rán títí di ọjọ́ Ajé, Gonroku á ti máa fi ọtí náà fọ̀fun.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ojú yín ti ń rí ẹyọ kan ní méjì, ẹ tún fẹ́ sọ òsì di ọ̀tún mọ́ wa lọ́wọ́."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Gonroku rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ látorí pákó. Mo gbádùn ara mi gan-an. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ amọ̀ fún mi lápá òsì tí mo yàn, ó tẹ́ ẹ dáadáa, títí a fi ṣíwọ́.

Ọjọ́ 22

Ẹnjiníà dé. Ìpele mẹ́rin ti wà lórí ti nọ́ńbà, a sì ti fi amọ̀ dí ihò kẹtàlá kí ìdọ̀tí má bàa wọ̀ ọ́. Ó nawọ́ fìtílà wo inú látòkè, ó ní ó dára. Mo wojú Bàbá. Bàbá ń lá bíríkì.

Ọjọ́ 28

Àwa la gba àgbá ọtí. Gonroku wá mu níbẹ̀ ju ẹnikẹ́ni nínú wa lọ, ó ní ìbànújẹ́ ló ń fà á.

Oṣù Kẹta, ọjọ́ 1

Orí fífọ́.

Ọjọ́ 9

Àwọn tó ń fi irin wé ara iléru gbé irin pẹlẹbẹ wọn dé lónìí. Ihò ìdàrọ́ ti wà lára ẹ̀, wọ́n ti gé e bó ṣe wà nínú àwòrán, lápá òsì ẹni tó bá dúró níta. Ojú irin tí ọkọ̀ ìdàrọ́ máa gbà náà, apá ibẹ̀ ni wọ́n tò ó sí. Wọ́n gbé irin náà lé e, ọ̀kan nínú wọn yọjú wo inú ihò, ó rí bíríkì gbágbágbá. Ó fi òòlù kàn án bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ ǹlẹ́ onílé o." Ihò tiwa wà lápá ọ̀tún, ó ń wo òkun.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í po amọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò nílò.

Ẹnjiníà Hatakeda sáré dé. Kì í ṣe èèyàn tó ń pariwo, ìyẹn ló ń bani lẹ́rù. Ó ní, "Ta ló ní kí wọ́n tò ó bí èyí?"

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ ọ́, ọ̀run ló mọ̀. Àmọ́ ẹnu mi, tí Teru ní kì í sinmi, lónìí ló rántí pé òun lè sinmi. Ibi tí mo la ẹnu sí bí ẹja orí àtẹ, Bàbá ní, "Èmi ni. Ojú mi ló ṣe é."

Gonroku wo bàtà koríko ẹ̀.

Bàbá tún ní, "Iná ò tíì kan amọ̀ yẹn, ó ṣì rọ̀. Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá, màá tú u láìfọ́ bíríkì kan, màá sì tún un tò. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ọjọ́ iná fi máa yẹ̀."

Ẹnjiníà ní, "Ẹni tí kò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún ni màá tún kó bíríkì Jámánì lé lọ́wọ́?"

Wọ́n yọ pákó orúkọ ẹ̀ kúrò láàárín ti àwọn òṣìṣẹ́ lára ògiri ẹnubodè kí oòrùn tó wọ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ti lé e. A jọ rìn lọ sílé. Mo ní, "Bàbá..." Ó ní, "Ìyàwó kan ṣoṣo lo ní, ọmọ mi ni. Ta ló máa bọ́ ọ tí wọ́n bá lé ẹ? Pa ẹnu ẹ mọ́." Mo pa á mọ́. Wẹ́rẹ́ báyìí ló rọrùn fún mi.

Ọjọ́ 10

Teru bi mí kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní ojú Bàbá ni.

Ọjọ́ 17

Òòlù ni wọ́n fi fọ́ ìpele mọ́kànlá. Ẹnjiníà ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbìyànjú láti tú u. Ebu bíríkì tiwa ló máa sun òmíràn dípò ti Jámánì. Wọ́n ti gbé ọjọ́ iná lọ sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún. Mo kà á lọ́nà gbogbo tí èèyàn lè gbà kà á. Dókítà yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún.

Wọ́n sì fi mí jẹ olórí bíríkìlà dípò Bàbá. Gonroku ní, "Torazo, oríire! Ra ọtí." Mo rà á. Ọtí náà ò dùn rárá, bẹ́ẹ̀ olówó ńlá ni mo rà.

Ọjọ́ 24

Eruku pupa ti dé látòkè òkun, ó bo gbogbo ìlú, eyín èèyàn ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Bàbá máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ láràárọ̀, á máa ka igi èéfín ilé-iṣẹ́, àwọn òpó gíga tí èéfín ń gbà jáde. Márùn-ún ni wọ́n. Lónìí ó ní, "Torazo, èwo ni wọ́n wó níbẹ̀? Mẹ́rin ni mo rí." Mo ní eruku ni. Inú mi dùn sí eruku náà, Ọlọ́run má bínú.

Oṣù Kẹrin, ọjọ́ 2

Mo pinnu láti lọ sọ ọ́. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tó mọ́, mo lọ sí ọ́fíìsì Ẹnjiníà Hatakeda, mo bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, mo tẹrí ba títí imú mi fi kan ẹní.

Ó ní, "Kí ló dé?"

Mo ní, "Ọ̀gá, òrùlé ṣáláńgá wa ń jò."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo jáde, ẹnìkan ti wọ bàtà mi lọ.

Ọjọ́ 10

Ojú ọjọ́ mọ́ rekete, kò séruku, kò sí kùrukùru. Òní ni wọn ì bá ti dáná. Bàbá ka igi èéfín mẹ́ta.

Ọjọ́ 15

Mo tún lọ. Kí n tó lanu, Ẹnjiníà ní ṣé wọ́n ti tún ṣáláńgá ṣe. Mo ní wọ́n ti tún un ṣe. Ó ní òun fẹ́ràn olórí tó ń ro ti àwọn èèyàn ẹ̀, pé ohun tó jẹ́ kí òun yọ baba àgbà yẹn nìyẹn, ó yẹ kí bàbá náà ti mọ̀ pé ojú ẹ̀ ò gbé iṣẹ́ náà mọ́, kó ti fúnra ẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá! Ẹnu tèmi ló sọ ọ́.

Mo ra ẹja pupa kan fún Bàbá lójú ọ̀nà, ti ayẹyẹ, owó iṣẹ́ ọjọ́ kan àbọ̀. Mo gbé e kalẹ̀ níwájú ẹ̀. Ó fi ọwọ́ tọ́ ọ láti orí dé ìrù. Ó ní, "Ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Ó ní, "Ẹja yìí pọ̀ jù fún ẹni tí kò ṣe nǹkan kan." Ó jẹ ẹ́ tán, ó jẹ ojú ẹja náà pẹ̀lú. Ó ní bóyá ìyẹn á ràn án lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi lọ síta lọ wo ojú ọjọ́.

Ọjọ́ 21

Òjò. Ìpele tuntun ti dé mẹ́jọ. Ihò ìdàrọ́ wà lápá òsì. Mo máa ń lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́, bí ẹni pé ó lè sá.

Ọjọ́ 27

*Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Lọ sọ ọ́. Teru.*

Ọjọ́ 28

Ọwọ́ ìyàwó mi ló wà lókè yẹn. Mo jí, mo rí ìwé yìí ní ṣíṣí lórí bàtà mi. Kò gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń rán aṣọ tí kò ya.

Mo lọ. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò bọ́ bàtà, kí n má bàa rí àyè ronú. Mo dúró sínú ọ́fíìsì ọkùnrin yẹn pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, mo ní, "Èmi ni mo to bíríkì yẹn sódì. Bàbá Yasoji ní kí n dúró, mo fi ojú ẹ̀ ṣẹlẹ́yà níwájú gbogbo èèyàn. Nígbà tẹ́ ẹ béèrè, ó gbà á sórí ara ẹ̀ torí mi. Òun ló sọ òótọ́ látìbẹ̀rẹ̀."

Ẹnjiníà gbé kálámù sílẹ̀. Ó wo ẹrẹ̀ tó wà lórí ẹní ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó ní òun máa tú u lọ́jọ́ mẹ́wàá láìfọ́ ọ̀kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Ó lè ṣe é?"

"Ó lè ṣe é."

"Ká ní o sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, màá ti jẹ́ kó ṣe é. À bá ti dáná láàárín oṣù yìí." Ó pa ìwé tó wà níwájú ẹ̀ dé. "Kí ló dé tó ò sọ ọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kó ẹrẹ̀ kúrò lórí ẹní ẹ̀.

Wọ́n ti yọ mí kúrò lólórí, amọ̀ ni mo máa máa rù. Gonroku lolórí báyìí. Ẹnjiníà fúnra ẹ̀ gbé pákó orúkọ Bàbá jáde látinú àpótí, ó fi apá aṣọ ẹ̀ nù ún, ó kó o lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n sọ fún bàbá pé ó ní àyè níwájú, nínú okùn tí wọ́n máa fi pààlà fún àwọn àlejò, lọ́jọ́ tí irin bá jáde.

Eré ni mo sá. Mo sáré bí ọmọdé tó rí owó he. Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Mo kó pákó náà lé e lọ́wọ́. Ó fi àtàńpàkò tọ́ ọ, ó yí i padà, ó tún un tọ́.

Ó ní, "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Mo rò pé eré ló ń bá mi ṣe. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, ẹ wò ó dáadáa."

Ó ní, "Mo ti ń wò ó."

Ọjọ́ 29

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí Bàbá ò ti ríran mọ́, ó ní kò sídìí láti dà wá láàmú. Tá a bá bi í nípa igi èéfín, ó kàn ń sọ èyí tó bá wù ú. Lọ́jọ́ Ajé ó sọ fún Teru pé mẹ́fà ni.

Mo sọ fún un pé mo ti jẹ́wọ́. Ó ní, "Wọ́n lé ẹ?" Mo ní rárá, amọ̀ ni mo ń rù. Ó ní, "Ó dáa. Amọ̀ ò ní nọ́ńbà."

Oṣù Karùn-ún, ọjọ́ 6

Mo ru amọ̀. Ìrẹsì ti wọ́n sí i.

Ọjọ́ 9

Mo ru amọ̀. Gonroku pè mí ní "ọ̀gá tẹ́lẹ̀" lẹ́ẹ̀mẹrìndínlógún. Mo kà á.

Ọjọ́ 15

Wọ́n dáná. Àlùfáà ju pépà funfun síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n da ọtí sílẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọmọ ọ̀gá àgbà fi ògùṣọ̀ tiná bọ ihò ìsàlẹ̀, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bàbá ò wá. Ó ní ẹnikẹ́ni lè dáná, òun ń dúró de irin.

Ọjọ́ 17

Mo ń kọ eléyìí kí n tó wẹ̀, ìwé á dọ̀tí, kí Teru má bínú.

Lọ́sàn-án ni wọ́n ránṣẹ́ pé irin ti yọ́ tó. Mo di ọwọ́ Bàbá mú wọlé. Àwọn aṣọ́bodè mọ̀ ọ́n, wọ́n tẹrí ba, wọ́n gbé pákó ẹ̀ kọ́ sí ipò ẹ̀, òkè tèmi. Nínú okùn, wọ́n ti gbé àpótí kan kalẹ̀ fún un. Ó wọ aṣọ tí ó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Ẹnjiníà Hatakeda wá tẹrí ba níwájú ẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbé orí sókè. Bàbá ò mọ̀. Mo sọ ọ́ sí i létí. Ó ní, "Sọ fún un pé kó lọ dúró ti iṣẹ́ ẹ̀."

Gonroku ló mú ọ̀pá irin, ó gún ojú ihò. Ó gún un, ó gún un. Ni irin bá jáde.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́. Ooru gbá wa lójú, gbogbo ibẹ̀ sì mọ́lẹ̀ yòò. Irin rọra ń rìn nínú iyanrìn bí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé.

Bàbá di apá mi mú. "Àwọ̀ wo ni?"

Mo ní, "Bàbá, ó dà bí oòrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lójú òkun, ó dà bí aṣọ ọba, ó dà bí..."

"Mi ò ní kó o kọrin. Àwọ̀ wo?"

Mo wò ó. Mo wò ó dáadáa, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi tí mo wo nǹkan kan dáadáa. Mo ní, "Ó dà bí èso kaki tó kù díẹ̀ kó rọ̀, ó pọ́n rúsúrúsú bí ọsàn."

"Kì í ṣe funfun?"

"Kì í ṣe funfun, Bàbá."

"Ó ṣì tutù nínú. Kí wọ́n fi kún atẹ́gùn."

Mo kígbe sí Ẹnjiníà. Ó gbọ́, ó sáré lọ fúnra ẹ̀. Ariwo atẹ́gùn lọ sókè. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣí ihò kẹtàlá, ìdàrọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ sínú ọkọ̀ ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Bàbá gbọ́ ìró ẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn ni ìdàrọ́."

"Òun ni."

"Apá wo ló gbà jáde?"

Mo ní, "Apá òsì, Bàbá."

"Mi ò gbọ́."

"Apá òsì."

"Gonroku ń kọ́? Ṣé ó gbọ́?"

Gonroku wà lọ́hùn-ún, ó fi aṣọ nu ọrùn. Gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù kejì wà níbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó sọnù. Mo fa èémí wọnú, mo fi gbogbo ẹnu tí Ọlọ́run fún mi kígbe pé, "ÒSÌ NI O! BÀBÁ YASOJI LÓ SỌ Ọ́! ÒSÌ NI!"

Wọ́n yíjú síbi tá a wà. Gonroku bọ́ fìlà.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí èjìká ẹ̀ fi ń mì, eyín mẹ́rin tó kù lẹ́nu ẹ̀ hàn, ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni ń fi nǹkan han àlejò. Ọ̀tún ló kọjú sí, ibi tí kò sí nǹkan kan àyàfi ògiri àti òkìtì bíríkì Jámánì tí wọ́n fi òòlù fọ́.

Mo di èjìká ẹ̀ mú, mo yí i sápá òsì.